Ọmọ ń ṣu, ó ń bì, ara rẹ̀ sì gbóná: kí ni kí n máa wò?

Ìbéèrè ìyá kan rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù 16, ó wọn kílò 10. Láti àárọ̀ àná ló ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ń bì. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.9. Mo fún un ní paracetamol, ara náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju wákàtí márùn-ún lọ tó tún fi gbóná. Mo po ORS (omi iyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà) sínú ife fún un, ó gbé e mu kíá, ó sì bì í dà sí mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fún un lóúnjẹ mọ́ kí ikùn rẹ̀ lè sinmi. Ẹnìkan tún ní oògùn apakòkòrò (antibiotic) ṣẹ́kù nílé òun, kí n wá gbà á. Gìrì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kí n máa tọ́jú rẹ̀ nílé àbí kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn?"

Ìdáhùn mi:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa, ẹ sì kú àìsùn. Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ náà. Ṣé kò lè mu nǹkan mọ́? Ṣé gbogbo ohun tó bá ti gbé mì pátá ló ń bì, tí díẹ̀ kì í dúró? Ṣé gìrì ti mú un? Ṣé ó kàn wà gọọ, tí ẹ pè é, tí ẹ fọwọ́ kàn án, tí kò sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe? Bí ẹyọ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ, ó di ilé ìwòsàn. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí la máa ń bi òbí lẹ́nu ọ̀nà, kí á tó béèrè orúkọ ọmọ pàápàá.

Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ká sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gba tẹmómítà lọ́wọ́ yín ná. 38.9 kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Ara gbígbóná wà lára ọ̀nà tí ara fi ń bá kòkòrò àìsàn jà, òun fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe ọmọ ní jàǹbá. Mo ti rí ọmọ tí ara rẹ̀ wà ní 40 tó ń fa gíláàsì ojú nọ́ọ̀sì ṣeré, mo sì ti rí èyí tí tirẹ̀ kò ju 37.8 lọ tí a sáré gbé wọ yàrá pàjáwìrì. Ọmọ tí nọ́ńbà yẹn ṣe kókó fún ni èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Bí tirẹ̀ bá ti dé 38, kò sí pé à ń ṣọ́ ọ nílé, ilé ìwòsàn ni tààrà, kódà kó máa mu ọyàn dáadáa, torí àìsàn tó le lè wà lára irú ìkókó bẹ́ẹ̀ láìfi àmì mìíràn hàn. Tiyín ti kọjá ọjọ́ orí yẹn.

Paracetamol kì í wo àìsàn. Ìrọ̀rùn ló ń fún ọmọ kó lè mu omi, kó sì rí oorun sùn. Nítorí náà, pé ara tún gbóná lẹ́yìn wákàtí márùn-ún kò fi hàn pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Agbára rẹ̀ ló tán. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà wà láàárín ìlò kan sí èkejì, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Fún ọmọ oníkílò 10, ìyẹn jẹ́ 100 sí 150. Ara ìgò ni wàhálà máa ń wà. Èyí tí wọ́n kọ 120 mg/5 ml sí lára, mílílítà 5 rẹ̀ tọ́ sí ọmọ yín. Èyí tí wọ́n kọ 250 mg/5 ml sí, mílílítà 5 kan náà ti pọ̀ jù fún un. Ti ìkókó tí wọ́n máa ń kán sẹ́nu, tí 100 mg wà nínú mílílítà 1 péré, bí ẹ bá wọn 5 nínú rẹ̀, 500 lẹ fún ọmọ yẹn. Bí ẹ bá sì ń ṣe é léraléra, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò, ẹ lo síríńjì tàbí ife tó bá a wá, ẹ má fojú díwọ̀n.

Ibuprofen, ẹ fi sílẹ̀ ní báyìí. Ọmọ tí omi ara rẹ̀ ń dínkù, kíndìnrín rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Aspirin kì í ṣe oògùn ọmọdé rárá, nítorí àìsàn Reye tó máa ń kọlu ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀. Ẹ má sì da omi tútù sí i lára: á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á tún mú ooru wá. Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó tó.

Omi ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ohun tó ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni omi àti iyọ̀ ara tó ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ ní ó bì ORS. Mo gbà, àmọ́ ORS kọ́ ló kọ̀, odindi ife ló kọ̀. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ á gbé ife sẹ́nu, kò ní gbé e kúrò títí á fi tán, inú tó ti ń rú tẹ́lẹ̀ á sì dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bí a ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù rèé. Lẹ́yìn tó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀ yín, kí orí rẹ̀ ga. Ẹ fa mílílítà 5 sínú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iye yẹn náà. Ẹ ti ẹnu síríńjì sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun gbọnrangandan, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó gbé e mì. Ẹ wo aago. Bí ìṣẹ́jú méjì bá pé, òmíràn. Ìṣẹ́jú méjì, òmíràn. Á sunkún pé ife lòun fẹ́. Ẹ má dá a lóhùn. Ó jọ pé kò tó nǹkan, àbí? Mílílítà 5 ní ìṣẹ́jú méjì méjì jẹ́ 150 láàárín wákàtí kan. Bó bá lo wákàtí kan tí kò bì, ẹ máa fún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó di 300 nìyẹn. Bó bá tún bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó mu ló ń bá èébì jáde, bó ti wù kó pọ̀ tó lára aṣọ yín. Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn nínú ilé, iṣẹ́ ẹni méjì ni.

Tí èébì bá ti rọlẹ̀, ìgbàkígbà tó bá ti ya ìgbẹ́ olómi, ẹ fún un ní mílílítà 50 sí 100. Ọmọ tó bá ti lé ní ọdún méjì lè gba 100 sí 200. Bó bá ṣì ń mu ọyàn, ọyàn kò gbọdọ̀ dúró.

Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń pò ó. Àpò ORS kan wà tó jẹ́ ti líta 1, òmíràn wà fún mílílítà 200 tàbí 500, a máa kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹni tó da àpò líta kan sínú ife omi kan ti fún ọmọ ní iyọ̀ àpọ̀jù, ìyẹn sì léwu. Ẹni tó fi omi là á kó lè pẹ́ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì fi ṣúgà kún un pé kó dùn lẹ́nu ọmọ. Ògiri ìfun máa ń gba ṣúgà àti iyọ̀ wọlé papọ̀, omi á sì tẹ̀lé wọn. Ọ̀nà yìí kì í dí bí ọmọ tilẹ̀ ń ya ìgbẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ìfun, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi jáde látinú ara, ìgbẹ́ á sì le sí i. Ìdí nìyẹn tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti omi èso inú páálí kò fi lè rọ́pò rẹ̀. Bí àpò kò bá sí nítòsí rárá, ẹ wọn líta 1 omi tó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú. Ẹ tọ́ ọ wò: bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Èyíkéyìí tó bá ti ju wákàtí 24 lọ, ẹ dà á nù pẹ̀lú.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ fífún ọmọ ní omi díẹ̀díẹ̀ yìí. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, àwọn tó sá fógun kún ibùdó kan ní Bongaon, ní Íńdíà, fọ́fọ́, kọ́lẹ́rà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn níṣan tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ló bá ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn máa fi ife bù ú fún wọn. Iye tó ń kú, tó ti tó 30 nínú 100, já wálẹ̀ sí iye tí kò tó 4. Àwọn ẹbí tí kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí ló gbé ife yẹn dání.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé omi tó ń wọlé tó? Ìlédìí ni kí ẹ bi. Nígbà tí ìgbẹ́ bá jẹ́ omi pátápátá, ìtọ̀ kì í hàn, nítorí náà ẹ fi òwú díẹ̀ sí iwájú ìlédìí. Bí òwú bá tutù tí kò sì ní àwọ̀ ìgbẹ́, ó ti tọ̀ nìyẹn. Bí wákàtí mẹ́jọ bá kọjá tí kò tọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ wo ojú bóyá ó ti jìn wọnú, ẹ wo ẹnu bóyá ó gbẹ, ẹ wò ó bóyá omi ń jáde lójú tó bá ń sunkún. Lára ìkókó, àwùjẹ máa ń jìn. Lára ọmọ oṣù 16, ó lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di awọ ikùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ẹ fà á sókè díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ó yẹ kó padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń rọra padà, omi ti dín lára rẹ̀. Bó bá dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ kó tó padà, ó ti le gan-an.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á, tó ń sunkún kíkan, tí ojú rẹ̀ ti jìn, tó ń já ife gbà lọ́wọ́ yín, omi ti dín lára rẹ̀. Mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́rin ni ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, 750 fún tiyín, ilé ìwòsàn ló sì ti yẹ kó mu ún kí wọ́n lè máa wò ó. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ọmọ tí kò béèrè omi mọ́. Àwọn òbí a máa sọ pé "ó ti dákẹ́, ó jọ pé ara ti ń rọ̀ ọ́." Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, n kì í rìn débẹ̀, mo máa ń sáré ni.

Ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi pa á. Ìfun tó fara gbọgbẹ́ nílò oúnjẹ kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn tí èébì bá rọ̀, oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fún un, díẹ̀díẹ̀, nígbà púpọ̀. Bí kò bá jẹun dáadáa lónìí, ẹ má jà á, omi ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tún fún un ní oògùn zinc: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, 10 fún èyí tí kò tíì pé, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀pọ̀ ìyá ń dá a dúró lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ bá ti dúró. Ẹ lò ó tán. Ó ń dín bí àìsàn yìí ṣe ń pẹ́ tó kù, ó sì ń dín ti oṣù méjì mẹ́ta tó ń bọ̀ kù.

Oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù nílé ẹlòmíràn, rárá o. Ìgbẹ́ olómi tó bá èébì àti ara gbígbóná wá lára ọmọ ọdún kan, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á, apakòkòrò kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ìgbẹ́ gbuuru wà lára ohun tí oògùn náà fúnra rẹ̀ máa ń fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ìyẹn lè nílò rẹ̀, dókítà ló sì máa yàn án. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró bíi loperamide kò yẹ ọmọ kékeré: ó lè dá ìfun dúró pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ku gìrì. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà máa ń mú ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ọmọ 2 sí 5 nínú 100 ni ó ń ṣe. Ojú á yí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa já, ó lè tọ̀ sára. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún, irú èyí tó kúrú bẹ́ẹ̀ kì í ba ọpọlọ jẹ́, ọmọ sì máa ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Paracetamol kì í dènà rẹ̀, nítorí náà ẹ má jí ọmọ lóru torí pé ẹ fẹ́ fi oògùn lé gìrì.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí kò ti lè ṣubú, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Ẹ wo aago. Ẹ má ti ṣíbí, ìka tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu: eyín á ká, ìka yín á ya, ahọ́n kò sì ṣeé gbé mì. Ẹ má rọ omi tàbí oògùn sí i lẹ́nu, ọ̀nà èémí ló máa gbà. Ẹ má sì dì í mú pinpin. Bó bá dé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì tàbí kí ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá tètè dúró náà, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ti ọmọ tó ń ṣu tó ń bì yàtọ̀ díẹ̀: ó lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, tàbí pé iyọ̀ ara rẹ̀ ti dàrú, ojú lásán kò sì lè fi ìyẹn mọ̀ yàtọ̀ sí gìrì ara gbígbóná.

Ẹ kò bi mí nípa èémí, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Nígbà tó bá ń sùn tàbí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ ka bí ikùn àti àyà ṣe ń dìde fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀, èémí ọmọdé kì í lọ déédéé. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yá jù. Láti oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50. Ìkókó tí kò tó oṣù méjì, 60. Bí ara bá gbóná nígbà tí ẹ kà á, ẹ tún un kà nígbà tó bá rọlẹ̀, torí ooru máa ń mú èémí yá. Bó bá ṣì yá, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú nígbà tó bá ń fa èémí sínú, ẹ gbé e lọ. Ó lè jẹ́ òtútù àyà, ó sì lè jẹ́ àìtó omi tó ti le.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, èébì tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé tútù, ikùn tó wú tó sì le, tàbí ẹkún tó ń wá tó ń lọ tí ọmọ ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí nǹkan gún, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lónìí. Bákan náà ni ọrùn tó le àti èéyọ́ pupa tàbí àwọ̀ àlùkò tí kì í parẹ́ bí ẹ bá tẹ ìdí ife onídígí mọ́ ọn. Níbi tí ibà ẹ̀fọn bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lónìí, ìgbẹ́ àti èébì kò ní kó má jẹ́ ibà. Bí ara bá sì gbóná ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ padà lọ, wọ́n lè ní láti yẹ ìtọ̀ wò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ bó ṣe yẹ, èébì máa ń dúró láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìgbẹ́ sì lè tó ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìlédìí kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù nínú ilé má baà kó o. Lóru òní, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ aago tí ẹ fún un ní paracetamol àti iye rẹ̀, mílílítà ORS tó dúró, iye ìgbà tó ṣu, tó bì, tó tọ̀, àti èémí tí ẹ kà. Bí ẹ bá wá dé ilé ìwòsàn, ẹ nà án sí nọ́ọ̀sì kí ẹ tó jókòó.